Ìlà Funfun Lókè Alábà Ràgó

Ní Alábà Ràgó, ilẹ̀ lèèyàn máa ń wò bó bá ń rìn. Kò sẹ́ni tó máa kọ́ yín, ẹsẹ̀ yín ló máa kọ́ yín. Gọ́tà wà lápá òsì, ọlọ́kadà ń bọ̀ lápá ọ̀tún, àgbò tí wọn ò so dáadáa fẹ́ gba àárín ẹsẹ̀ yín kọjá, ẹni tó ru àpò ẹ̀wà sì ń ké "àgò o!" lẹ́yìn yín. Orúkọ ọjà náà pàápàá, nǹkan orí ilẹ̀ ló ń tọ́ka sí: rago ni àwọn Hausa ń pe àgbò. Torí náà, lọ́jọ́ tí gbogbo àdúgbò bá gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún tó kọjá. Òjò ti dáwọ́ dúró, eruku ọyẹ́ ò tíì dé, ojú sánmà mọ́ kedere. Bàálù kan kọjá lókè réré. Ó kéré débi pé ẹ máa wá a kẹ́ ẹ tó rí i, àmọ́ ìlà funfun tó fà sẹ́yìn gùn láti apá Ìbà títí dé apá òkun. Àwa mẹ́ta la jọ ń kọ software nínú yàrá kan lókè ilé alájà méjì, láàárín Alábà Ràgó àti Òkokomáíkò. Ojú fèrèsé la ti rí i. Ìlà náà ò parẹ́. Ó ń fẹ̀ sí i ni, títí tó fi dà bí òwú tí ọmọdé fà ya.

Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ohùn ẹnì kan tí a ò mọ̀ ti dé orí WhatsApp àwọn ayálégbé ilé wa. Ó ní májèlé ni wọ́n ń fọ́n. Ó ní ká kó àwọn ọmọ wọlé, ká bo omi wa. Ó ní àwọn tó fọ́n ọn náà ló ń bọ̀ wá fún àwọn ọmọ wa ní oògùn lọ́sẹ̀ yẹn.

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Lóòótọ́, àwọn elétò ìlera ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà, láti ojúlé dé ojúlé, láti kán oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Ìyá tó ń ta yìnyín àti omi tútù nísàlẹ̀ ilé wa, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Olómi, ní ọmọ-ọmọ ọlọ́dún méjì kan lọ́dọ̀. Ó gbọ́ ohùn náà lẹ́ẹ̀mejì, ó ti fóònù rẹ̀ sápò, ó ní, "Kò sẹ́ni tó máa kán nǹkan kan sẹ́nu ọmọ mi."

A lè rẹ́rìn-ín, ká fi emoji méjì sí i, ká padà sídìí iṣẹ́. Ṣebí a ti gbọ́ irú rẹ̀ rí: ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà kòrónà, ohun tó wà lórí fóònù gbogbo èèyàn ni pé hẹlikóbítà máa fọ́n oògùn lóru, kí ẹnikẹ́ni má jáde. Ṣùgbọ́n Àlhájì tó ń ta àgbò, tó ń gbé yàrá iwájú, ò rẹ́rìn-ín. Kánò ni wọ́n bí i sí. Ó wò wá, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ ò sí níbẹ̀ ní 1996."

Ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ la wà ní 1996. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́dún yẹn, àrùn yínrùnyínrùn, èyí tó máa ń mú kí ọrùn èèyàn le gbagidi, jà ní Kánò, ó sì pa èèyàn púpọ̀. Ilé iṣẹ́ Pfizer láti Amẹ́ríkà wá dán oògùn tuntun kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Nǹkan bí 200 ọmọ ló wà nínú ìdánwò náà. Ìdajì gba Trovan, ìdajì gba oògùn mìíràn. Ọmọ 11 ló kú. Pfizer ní àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Àwọn òbí ní kò sẹ́ni tó sọ fáwọn pé ìdánwò ni. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ nílé ẹjọ́, títí Pfizer fi gbà ní 2009 láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là kí òun àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò lè parí rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yẹn tó tán nílẹ̀, ọdún 2003 ti dé, wọ́n gbé oògùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ wá, Kánò àtàwọn ìpínlẹ̀ mìíràn lókè Ọya kọ̀ ọ́. Kánò ò gbà á padà títí di 2004. Láàárín ìgbà yẹn, kòkòrò àrùn náà jáde láti Nàìjíríà, ó padà wọ orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 2005, ó dé Indonesia. Oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni àjọ WHO ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ojúlówó kòkòrò náà ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà, oríṣi mìíràn sì ṣì ń yọjú níbi tí oògùn ò bá dé kárí.

Àlhájì ò sọ èyí ká lè gbà pé májèlé wà lókè. Àwọn ọmọ tirẹ̀ ti gba oògùn náà. Ó kàn fẹ́ ká mọ ibi tí ẹ̀rù ti ń wá ni. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Kò ní dúró ka ìtàn ìgbésí ayé ekòló kó tó sá.

Nígbà tí a wá ìdí ariwo májèlé yẹn kiri, a rí i pé 1996 kan náà ló tún wà níbẹ̀. Lọ́dún yẹn, àwọn ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun òfuurufú Amẹ́ríkà kọ ìwé kan lórí bí ogun ọjọ́ iwájú ṣe lè lo òjò àti ìkúùkù gẹ́gẹ́ bí ohun ìjà, tó bá di ọdún 2025. Èrò ọjọ́ iwájú ló wà nínú rẹ̀, àmọ́ àwọn kan kà á bí ẹni ń ka ìjẹ́wọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ariwo bẹ̀rẹ̀ pé ìjọba ń fi bàálù fọ́n nǹkan sórí aráàlú, tí wọ́n fi wá ń pe ìlà funfun ní "chemtrail". Ní ọdún 2000, àjọ ìjọba mẹ́rin, NASA wà nínú wọn, tẹ àlàyé jáde. Kò pa ariwo náà. Ní 2016, àwọn olùwádìí bi onímọ̀ 77 tó mọ̀ nípa òfuurufú àti eruku inú rẹ̀ léèrè. Mẹ́rìndínlọ́gọ́rin (76) ní àwọn ò rí ẹ̀rí kankan pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀.

Àmọ́ ẹ wò ó: kí ni 76 nínú 77 fẹ́ sọ fún Ìyá Olómi? Kò mọ ọ̀kankan nínú wọn. Àwọn tó wá sí Kánò náà, onímọ̀ ni wọ́n pe ara wọn. Lẹ́nu iṣẹ́ tiwa, a kì í gba code gbọ́ torí pé ọ̀gá ló kọ ọ́. A máa ń rán an ṣiṣẹ́, ká wo ohun tó máa jáde. Torí náà, a bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí tí ìyá náà lè fi ojú ara rẹ̀ rí, láìní gba ẹnikẹ́ni gbọ́. A ò rìn jìnnà. Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló wà.

Sítóòfù la fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ìkòkò tútù ka iná kẹrosíìnì, kó má ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, kẹ́ ẹ gbé e kúrò, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀. Ó ti tutù, omi wà lára rẹ̀. Ìyá Olómi ní, "Ṣebí ìkòkò ló ń làágùn." A ní, "Rárá mà, iná ló ń pọn omi." Nínú kẹrosíìnì, háídrójìn wà. Bó bá ti ń jó, háídrójìn yẹn máa ń dara pọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, omi sì ni wọ́n ń dì. A kì í rí omi náà lójoojúmọ́ torí pé ooru iná ti sọ ọ́ di afẹ́fẹ́. Ó dìgbà tó bá kan nǹkan tútù.

Epo tí bàálù ń jó, ọmọ ìyá kẹrosíìnì ìdáná ni. Kílò kan rẹ̀ tó bá jó tán máa ń mú nǹkan bíi kílò 1.25 omi jáde. Omi náà wúwo ju epo lọ torí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ti bá a wọ̀ ọ́. Bàálù ńlá sì lè jó epo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún sí méje láàárín wákàtí kan. Ẹ rò ó wò, iye píọ́ wọ́tà tó máa wà nínú ìyẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn, fíríìsà. Bí Ìyá Olómi bá ṣí i lọ́sàn-án, èéfín funfun máa ń jáde, á wọ́ gba ẹnu fíríìsà, á lọ sílẹ̀. Iná ò sí nínú fíríìsà, kí ló wá ń rú èéfín? Afẹ́fẹ́ Èkó tó kún fún ọ̀rinrin ló kan òtútù, omi tó fara pamọ́ sínú rẹ̀ wá di ẹ̀kán wínníwínní tójú lè rí. Yìnyín tó tún ń lẹ̀ mọ́ ara fíríìsà, èyí tó máa ń fi ìdí ṣíbí gbẹ́ kúrò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sẹ́ni tó da omi síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e wọlé. A wá ní, "Ìyá, fíríìsà ni ibi tí bàálù yẹn wà."

Ìṣirò rẹ̀ ò le, àwọn ọmọ ilé wa ló ṣe é fúnra wọn. Béèyàn bá ń gòkè, òtútù máa ń fi nǹkan bíi 6.5°C lé sí i fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan. Ká sọ pé 30°C ni ilẹ̀ Ọ̀jọ́, bàálù sì wà ní kìlómítà 11. 6.5 lọ́nà 11 jẹ́ 71.5. Ẹ yọ ọ́ nínú 30, ó di −41.5°C. Fíríìsà Ìyá Olómi, lọ́jọ́ tí iná bá ṣojúure, −18°C ló mọ. Omi tó bá jáde lẹ́nu ẹ́ńjìnì sínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ kì í rí àyè ṣàánú ara rẹ̀. Á so mọ́ dúdú iná, irú èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ìkòkò, á di ẹ̀kán, ẹ̀kán á di yìnyín kéékèèké. Tẹ́ ẹ bá wò ó dáadáa, ìlà náà kì í bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ẹ́ńjìnì gan-an. Àlàfo díẹ̀ máa ń wà. Àkókò tí omi fi ń di yìnyín nìyẹn. Bàálù ẹlẹ́ńjìnì méjì á fa ìlà méjì, ẹlẹ́ńjìnì mẹ́rin á fa mẹ́rin, kí wọ́n tó wọnú ara wọn.

Àwọn tó kọ́kọ́ ní ìdí láti mọ èyí dájú ni àwọn ológun. Nígbà ogun àgbáyé kejì, ìlà yìí ń tú àṣírí bàálù fún ọ̀tá tó wà nílẹ̀. Ernst Schmidt ní Jámánì ṣírò ní 1941 bí òtútù àti ọ̀rinrin ṣe gbọ́dọ̀ tó kí ìlà tó lè yọ, Herbert Appleman ní Amẹ́ríkà tún un ṣe ní 1953, ìṣirò wọn là ń lò títí dòní. Ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa gan-an. Ní agbègbè olóoru bíi tiwa, afẹ́fẹ́ òkè gbóná ju ti Yúróòpù lọ, ká tiẹ̀ wà ní ìwọ̀n gíga kan náà. Bàálù gbọ́dọ̀ tún gòkè sí i kó tó fa ìlà. Ó wà lára ìdí tí a kì í fi í rí i lójoojúmọ́ ní Èkó. Èyí tó bá sì yọ, ìkúùkù òjò lè bò ó, tàbí eruku ọyẹ́ tó ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad fẹ́ wá. Ohun tí ojú ò bá rí lójoojúmọ́, ọjọ́ tó bá rí i ló ń bà á lẹ́rù.

Orí òrùlé la ti ṣe ìdánwò tó kù. Flightradar24 wà lórí fóònù wa. Bàálù fúnra rẹ̀ ló máa ń kéde ibi tó wà àti bó ṣe ga tó, ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ̀rọ kékeré tó ń gbà á lè gbọ́ ọ, app náà sì ń kó gbogbo rẹ̀ jọ. A mú Ìyá Olómi gòkè nírọ̀lẹ́ ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ àti àga ike rẹ̀. Àwọn bàálù tó fẹ́ balẹ̀ ní Ìkẹjà tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra níbẹ̀ ń kọjá ní ẹsẹ̀ bàtà ẹgbẹ̀rún mélòó kan péré, ariwo wọn gba gbogbo afẹ́fẹ́. Ìlà kankan ò sí lẹ́yìn wọn. Èyí tó fa ìlà nírọ̀lẹ́ kejì, ẹni tó ń lọ jẹ́jẹ́ láti Yúróòpù sí gúúsù Áfíríkà, ó wà ní òkè ẹsẹ̀ bàtà 38,000. Òun ò tilẹ̀ mọ̀ pé Alábà wà.

Ìyá Olómi wo fóònù, ó wo òkè, ó tún wo fóònù. Ó ní, "Ẹ dúró ná. Tí mo bá fẹ́ fín ẹ̀fọn yàrá mi, ṣé Àgbádárìgì ni máa dúró sí kí n tó tẹ Raid? Èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ já òrùlé wa gbé yẹn ni wọn ì bá fi fọ́n ọn." Kò sí ọ̀kan nínú wa tó ronú kan ìyẹn. A kàn ń mú un bọ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni, òun ló wá fi tirẹ̀ kún un.

Ohun mìíràn tún wà tó mọ̀ jù wá lọ. A ń sọ fún un pé ìlà tó bá tètè parẹ́, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ ni, èyí tó bá pẹ́ tó sì ń fẹ̀, ọ̀rinrin ti kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bí log tí server ń kọ sílẹ̀ ló rí, ó ń sọ irú ibi tí bàálù gbà. Àmọ́ nígbà mìíràn, bàálù máa ń ṣe òdìkejì rẹ̀: á gba inú ìkúùkù pẹlẹbẹ kan kọjá, dípò kó fa ìlà funfun, á la ọ̀nà sínú rẹ̀, bí ẹni fi àdá la igbó, sánmà búlúù á hàn láàárín. Kí ló fà á? Omi inú ìkúùkù bẹ́ẹ̀ ti tutù kọjá ibi tó yẹ kó dì, kò sì tíì dì. À ń wá bí a ṣe máa ṣàlàyé ìyẹn, ó já a gbà lẹ́nu wa: "Bíi píọ́ wọ́tà tó pẹ́ ní fíríìsà. Ẹ yọ ọ́, omi ni. Ẹ fi ọwọ́ gbá a, ó di yìnyín lójú yín."

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí bàálù bá gbá inú ìkúùkù náà, afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ lójijì lára ìyẹ́ rẹ̀ máa ń tutù sí i, ẹ̀kán omi díẹ̀ á di yìnyín, yìnyín á máa fa omi lára àwọn tó yí i ká títí wọ́n á fi gbẹ, á wúwo, á já bọ́. Ihò tàbí ojú ọ̀nà ló máa ṣẹ́kù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kínní ọdún 2007, sátẹ́láìtì NASA ya àwòrán irú rẹ̀ lórí ìpínlẹ̀ Texas àti Louisiana, ihò àti ojú ọ̀nà kún ìkúùkù bí aṣọ tí ikán jẹ. Ọdún 2017 ni ìwé àgbáyé tó ń to orúkọ ìkúùkù fún ihò náà lórúkọ tirẹ̀, cavum. Ìwé kan náà sọ ìkúùkù tí ọwọ́ ọmọ èèyàn dá, tí ìlà bàálù tó pẹ́ wà nínú rẹ̀, ní homogenitus. Orúkọ ti wà. Ìyá Olómi ní orúkọ náà gùn jù.

Nígbà tí a ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òrùlé lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó dúró lórí àtẹ̀gùn. Ó ní, "Ó dáa, mo ti gbọ́. Omi ni. Ṣé kò wá léwu kankan ni?"

A wo ara wa lójú. Àwọn elétò ìlera ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Tí a bá dáhùn pé "rárá mà", ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, ọmọ á gba oògùn, a óò padà sídìí iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti purọ́ fún, kò yẹ ká tún fi irọ́ tó dùn ṣe é lóore. Ewu wà. Kì í kàn ṣe irú èyí tó wà nínú ohùn WhatsApp yẹn.

A jókòó lórí àtẹ̀gùn, a sọ ọ́ fún un. Ìlà tó bá pẹ́, tó fẹ̀, á di ìkúùkù. Ìkúùkù náà á wá ṣe bí aṣọ ìbora. Lóru, ilẹ̀ fẹ́ tú ooru rẹ̀ jáde sókè, aṣọ ìbora yẹn á dá a padà. Lọ́sàn-án, ó máa ń dá díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn padà lóòótọ́, àmọ́ tí a bá ro ó pọ̀, ìgbóná ló ń borí. Àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀ jáde ní 2021: nǹkan bíi 3.5 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbóná ayé tí ọwọ́ èèyàn fà ló ti ọ̀dọ̀ bàálù wá, ìlà funfun yìí nìkan sì lè kó ju ìdajì rẹ̀ lọ, ju èéfín kábọ́ọ̀nù inú epo náà fúnra rẹ̀. Iye ọ̀hún lè dín díẹ̀, ó lè pọ̀ sí i, torí ìkúùkù ṣòro ṣírò. Orí Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti òkun Atlantic àríwá ni ọ̀pọ̀ ìlà náà wà. Ibẹ̀ ni bàálù pọ̀ sí.

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Àwọn ló ń gun bàálù, àwa là ń làágùn."

A ò rí èsì fún un. Nínú gbogbo àwa tó wà lórí àtẹ̀gùn yẹn, ẹnì kan péré ló ti wọ bàálù rí, Abuja ló sì lọ. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn àgbáyé kì í wọ bàálù lọ́dún kan. Òótọ́ ni pé ooru ò bi ẹnikẹ́ni léèrè tíkẹ́ẹ̀tì. A kàn fi ohun kan kún un, torí iṣẹ́ wa ló kàn. Ní 2023, Google àti ilé iṣẹ́ bàálù American Airlines dán nǹkan kan wò nínú ìrìn-àjò 70. Kọ̀ǹpútà máa ń wo àwòrán sátẹ́láìtì àti ojú ọjọ́, á sọ ibi tí ọ̀rinrin ti pọ̀ lókè, awakọ̀ á sì gòkè díẹ̀ tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láti yẹra fún un. Ìlà funfun dín kù ní 54 nínú ọgọ́rùn-ún. Ó jẹ epo díẹ̀ sí i, àmọ́ ó ṣeé ṣe. Software ni. Irú ohun tí à ń jí ṣe láràárọ̀ nínú yàrá wa, pẹ̀lú jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá Olómi ní, "Ẹ wá ṣe tiyín fún wa." Ó sọ ọ́ bí ẹni ń rán wa níṣẹ́ lọ sí ọjà.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọmọbìnrin méjì dé pẹ̀lú àpótí tútù léjìká. Ìyá Olómi ò jáde. Ìyàwó Àlhájì ló kọ́kọ́ gbé tirẹ̀ jáde, ọmọ tó kéré jù, wọ́n kán oògùn sí i lẹ́nu, wọ́n fi íńkì sí i ní ìka. Ẹ̀yìn ìyẹn ni Ìyá Olómi yọjú. Kò gbé ọmọ dání. Ó ní kí wọ́n ṣí àpótí náà. Ó ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó fọwọ́ kan àwọn yìnyín oníke tó wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbọn ìgò oògùn kékeré náà wò lójú oòrùn. Àwọn ọmọbìnrin náà dúró jẹ́jẹ́, wọn ò kánjú, wọn ò bínú. Ó ní, "Yìnyín yín ṣì le." Ó wá wọlé lọ gbé ọmọ.

A bi í léèrè nígbà tó yá, ṣé ìṣirò wa ló ràn án lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìṣirò wa dáa. Ó ní àmọ́ nígbà tí ìyàwó Àlhájì, tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan náà láti ọdún méje, gbé ọmọ tirẹ̀ jáde, ọkàn òun balẹ̀. A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí tó dá wà lórí òrùlé ò tíì tó. Ó ń fẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó máa kọ́kọ́ rìn, kó lè rìn tẹ̀ lé e.

Ní oṣù tó kọjá, ohùn mìíràn tún dé orí WhatsApp ilé. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní ìlà méjì tó kọ́ ara wọn lágbèélébùú ni àmì. A ti ń kọ èsì gígùn, pẹ̀lú ọdún àti orúkọ onímọ̀, nígbà tí ohùn Ìyá Olómi jáde ṣáájú wa. Kò gùn. Ó ní, "Ẹ ṣe pẹ̀lẹ́. Ẹ kọ́kọ́ wo bó ṣe ga tó. Kẹ́ ẹ wá gbé ìkòkò kaná, kẹ́ ẹ wo ìdí rẹ̀." A pa èsì tiwa rẹ́.